Ọkọ̀ Pupa Tí Kò Lè Gun Òkè Lembang

Ọkùnrin náà di agboòrùn mú sórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró sínú òjò. Bí Rengganis ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lóṣù Kọkànlá, níbi kọ́nà kẹta tí èèyàn máa yà tó bá ń ti Bandung gòkè bọ̀ ní Lembang. Ọkọ̀ eré kékeré kan ló dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, pupa fòò, ẹni méjì péré ló lè gbà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, èéfín funfun sì ń rú jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ìrẹsì. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yìí ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán ní imú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì.

Rengganis tẹ búréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń wà, ó yọ orí síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ ni òtútù ń mú ni àbí ẹ̀yin?"

Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun náà wà níbẹ̀. "Wọ́n ní tí omi tútù bá kan ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó lè sán."

"Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́. Àmọ́ tí òtútù àyà bá gbé yín dè, ta ló máa wá wà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá bi mí, ẹ̀rín yẹn ló kó bá Rengganis, torí kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí eyín òun. Ó yọ áńkáṣíìfù lápò, ó sì na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀.

"Ẹ má dán an wò." Rengganis ti bọ́ sílẹ̀. "Omi tó ń hó ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ojú yín dáa, ẹ jẹ́ kó ṣì wà bẹ́ẹ̀."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan róbà omi tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, ó sì yára fà á kúrò. Ó wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ó gbé e lé e. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Ó fajú ro.

"Kí lẹ rí?"

"Ohun tí kò yẹ kí n rí. Ẹ́ńjìnnì ń hó, rédíétọ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Ó yẹ kó jó mi lọ́wọ́."

"Rédíétọ̀ tuntun ni. Ìkẹta rèé. Pọ́ọ̀mpù omi náà, tuntun ni."

Rengganis bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kó lè wo géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù onígi. Wọ́n ti fi ìṣó ha lẹ́tà R kékeré kan síbẹ̀. Òun ló ha á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá rẹ̀ sì nà án dáadáa lọ́jọ́ náà.

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá mi, Karta. Ó ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Danu lorúkọ tèmi." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ dé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: SUKARNA, MẸKÁNÍÌKÌ, LEMBANG. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró nínú òjò.

Àwa tá a wà ní Lembang nígbà náà mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Karta àti Sukarna, bàbá Rengganis, jọ dàgbà ni. Karta di télọ̀ ní Bandung, Sukarna di mẹkáníìkì lórí òkè. Nígbà tí Karta ra ọkọ̀ eré náà lọ́wọ́ òyìnbó ará Italy kan tó ń padà sílé, Sukarna nìkan ló gbà kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tó bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá ti dojú kọ òkè, kì í kọjá kọ́nà kẹta. Sukarna tú u, ó tò ó, ó tún un tú, pàbó. Lọ́jọ́ ọjà kan, Karta dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù níṣojú àwọn oníbàárà, ó ní, "Sukarna, ìwọ lo ba ọkọ̀ mi jẹ́." Sukarna náà ò gbẹ́nu dákẹ́, ó ní, "Ọwọ́ burúkú tó o fi ń wà á ló bà á jẹ́."

Fún odindi ọdún mẹ́sàn-án, àwọn àgbàlagbà méjì yìí ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Karta kú, Sukarna ò wá síbi ìsìnkú. Lọ́dọ̀ wa, kódà ẹni tó bá ọ ṣẹjọ́ ilẹ̀ máa ń wá bá wọn gbé òkú rẹ. Lasmi, ìyàwó Karta, ń wo ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, kò sì gbàgbé.

Rengganis ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mi ò lè gbé e lọ sílé wa."

"Èmi náà ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lọ."

"Kí lẹ wá ń wá lórí òkè yìí nígbà náà?"

"Bàbá mi kú láìmọ ohun tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó yẹ kí Rengganis wọ ọkọ̀ rẹ̀, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ yẹn ń dà á láàmú, ọkùnrin tó fi agboòrùn bo ẹ́ńjìnnì náà sì ń dà á láàmú. Ó yọ okùn, ó fa ọkọ̀ pupa náà dé kọ́nà kẹrin, sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Icih, arúgbó tó ń yan surabi, àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì, nínú àwo amọ̀. Ìyá Icih ní àtíbàbà kan tó ṣófo, ó sì ní ẹnu tó mọ bó ṣe ń dákẹ́. Ó wo ọkọ̀, ó wo àwọn méjèèjì, ó kàn bi wọ́n bóyá kí òun fi ata sí surabi wọn.

Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi pàdé níbẹ̀. Bí Rengganis bá ti ta páàtì ọkọ̀ tán ní ìsàlẹ̀, á yà sí ẹ̀yìn ilé Ìyá Icih, á bá Danu tó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Rengganis yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò; omi ò wọ inú ẹ́ńjìnnì, gáskẹ́ẹ̀tì ò bàjẹ́. Ó wo táímìn, àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, ó pé. Ó wo fáànù. Ó ń yí dáadáa. Gbogbo ohun tí mẹkáníìkì máa ń dá lẹ́bi, Rengganis wò ó, kò sí ẹ̀bi lára rẹ̀.

"Ó jọ pé ọkọ̀ yìí kàn kórìíra òkè ni, Kang Danu," ó ní. Kang la máa ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá jù wá lọ, Neng sì ni tọmọge.

"Neng, títí di ìgbà wo lo máa fi máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alága abúlé sọ̀rọ̀? Ìwọ ni ọ̀gá níbí, èmi ni mò ń mú sípánà dání."

"O ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n mú."

"Ẹ gbọ́, ó ti fi 'o' pè mí," ó kígbe sí Ìyá Icih. Rengganis ju àkísà tó fi ń nu ọwọ́ bá a.

Télọ̀ bíi bàbá rẹ̀ ni Danu. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rí i pé ìgbọ̀nwọ́ aṣọ iṣẹ́ Rengganis ti ya, ó sì gbà á lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé e padà fún un, wọ́n ti rán an débi pé èèyàn ò lè mọ ibi tó ya mọ́. Rengganis fi ọwọ́ wá ojú rírán náà, kò rí i. Kò sẹ́ni tó tún nǹkan ṣe fún un bẹ́ẹ̀ rí, nítorí òun ló máa ń tún ti gbogbo èèyàn ṣe. Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ jókòó fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè sọ pé ó ṣeun.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Danu sọ ọ́. "Neng, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, mo sì ti gbìyànjú kí n má nífẹ̀ẹ́ rẹ. Kò ṣeé ṣe."

"Jẹ́ kí n gbé sípánà sílẹ̀ ná." Ó gbé e sílẹ̀, ó sì tún un gbé. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ lórí mi."

Danu mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ wa, àwọn òbí ọkùnrin máa ń wá sílé ọmọbìnrin láìmú ohunkóhun dání. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò àti ti màlúù, àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde ni wọ́n máa sọ pé, "A fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ síbí o, ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀." Kì í ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tíì dáhùn ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ délẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè fi òmíràn lé e. Haji Uyun tó ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Sunday ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n ń bọ̀ wá gba èsì.

"Kí ni Abah sọ?" Danu bi í. Abah ni wọ́n ń pe Sukarna.

"Ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, òótọ́ sì ni. Tí ìyá rẹ ò bá wá bá Abah sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, kó lè dá ọ̀rọ̀ tiwọn padà, kí ni mo fẹ́ sọ pé ó ń dí mi lọ́wọ́?"

Danu sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lasmi ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbé ojú sókè.

"Ọmọ Sukarna."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O mọ kẹ́ẹ̀gì funfun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Gbogbo ìgbà tí mo bá bá bàbá rẹ jáde nínú ọkọ̀ yẹn, àárín ẹsẹ̀ mi ni kẹ́ẹ̀gì omi yẹn máa ń wà, torí a ò mọ òkè tó ti máa hó. Mo gbé e lọ sí ìgbéyàwó àwọn èèyàn. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Bàbá rẹ ní Sukarna ló bà á jẹ́, ẹnu yẹn ló bá kú. Kí Sukarna wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni, n ó lọ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nílé rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀."

"Tó bá wá jẹ́ pé Bàbá mi ló bà á jẹ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ Lasmi dúró lórí àtẹ. "Nígbà náà, n ó gbé ìtìjú mi mì, n ó sì lọ. Àmọ́ kì í ṣe òun. Lọ wádìí rẹ̀, o máa rí i."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ abẹ́ àtíbàbà ti di ohun ẹ̀rù. Tí wọ́n bá rí àrùn ọkọ̀, ọ̀kan nínú bàbá méjèèjì á jẹ̀bi. Tí wọn ò bá rí i, Sunday á dé. Wọn ò sọ ọ́ síra wọn, ṣùgbọ́n ní Sátidé kẹrin, ọwọ́ Rengganis ò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń tú nǹkan bí ẹni tí kò fẹ́ kó tú.

Danu ò mọ ẹ́ńjìnnì, ó mọ bátánì. Ó tẹ́ bébà tí àwọn télọ̀ fi ń gé bátánì sórí tábìlì Ìyá Icih, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí Rengganis máa fi ọ̀nà omi han òun, kí òun máa yà á bí òun ṣe ń ya apá aṣọ. Ẹ́ńjìnnì rèé. Rédíétọ̀ rèé. Róbà kan lọ, róbà kan bọ̀. Òmíràn, kúkúrú, jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, ó sì padà sínú ẹ́ńjìnnì. Níbi kóló irin kékeré kan ni gbogbo wọn ti pàdé.

Danu fi ṣọ́ọ̀kì kan kóló náà. "Ọ̀nà méjì ló wà níbí. Èyí tó gùn lọ sí rédíétọ̀, èyí tó kúkúrú padà sílé. Kí ló ń sọ fún omi pé kó má gba èyí tó kúkúrú?"

Rengganis la ẹnu láti dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà náà.

"Neng?"

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Jẹ́ kí n mú bébà yìí dání."

Nǹkan kan wà. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló yẹ kó wà nínú kóló yẹn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹmositáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á jẹ́ kí omi gba ọ̀nà kúkúrú. Tó bá gbóná, á ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, á sì ti ọ̀nà kúkúrú pa. Gbogbo mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ló máa ń yọ ọ́. Wọ́n ní níbi tí oòrùn ti ń ràn báyìí, kí la fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe, kí omi máa ṣàn fàlàlà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ pupa yìí, tí ilẹ̀kùn náà ò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà kúkúrú á wà ní ṣíṣí títí, omi tó ń hó á máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀ á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní tútù. Èèyàn lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní yí nǹkan kan padà.

Abah kì í ju nǹkan nù. Agolo bisikíìtì ló kún orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo páàtì tó bá yọ ló ń so bébà pélébé mọ́. Bí Abah ṣe lọ kírun ọ̀sán lọ́jọ́ Monday ni Rengganis gun àga. Agolo kẹfà ló ti rí ilẹ̀kùn náà, idẹ kékeré tó bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu. Ohun tí Abah kọ sára bébà rẹ̀ ni: Karta. Oṣù Kẹjọ, 1985. Mo yọ ọ́ kí òkè má bàa dà á láàmú.

Ó jókòó sórí àga náà, ó sunkún. Ìfẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi yọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kó dùn ún jù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe Danu, ó sì gbé idẹ náà lé e lọ́wọ́ nídìí ààrò Ìyá Icih. Danu ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Dá a padà sínú agolo," ó ní.

"Kí lo wí?"

"A ó ra òmíràn, a ó fi sí i, ọkọ̀ á gun òkè. Màá sọ fún Ìyá mi pé Bàbá mi ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ti ní tó bá jẹ́ bàbá mi ló jẹ̀bi, òun á wá. Orúkọ Abah á wà bó ṣe wà. Bàbá mi ti kú, Neng, ojú ò lè tì í mọ́."

Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe rọrùn tó? Bí mo bá wà nípò Rengganis, bóyá n bá ti gbà. Ó wo ọkùnrin tó fẹ́ ta orúkọ bàbá rẹ̀ nítorí òun, ìfẹ́ rẹ̀ sì kún ọkàn rẹ̀ débi tó ń dùn ún, inú sì ń bí i.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ fi ń sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Mo fẹ́ máa gbé abọ́ oúnjẹ síwájú ìyá rẹ títí ayé, kí n máa wo ojú rẹ̀, kí n sì mọ̀ pé irọ́ la fi mú un gbà? Mi ò lè ṣe é."

"Tí o bá sọ ọ́ fún Abah, tó bínú ńkọ́? Sunday ku ọjọ́ márùn-ún."

"Mo mọ̀."

"A lè pàdánù ara wa."

"Mo mọ̀, Danu. Má sọ ọ́ mọ́."

Ní àárọ̀ Wednesday, ó gbé idẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí bàbá rẹ̀. Abah wo idẹ náà, ó wo bébà tó wà lára rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Bí kò ṣe sí níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ Karta máa hó, Abah."

"Gbogbo ayé ló ń yọ ọ́."

"Èmi náà ti yọ tó ogún." Ó tẹ́ bébà bátánì náà síwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka tẹ̀ lé omi yìí fún mi."

Abah fi ìka rẹ̀ tó nípọn tẹ̀ lé ojú ṣọ́ọ̀kì. Ó jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, ó dé ibi kóló, ó sì padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà kúkúrú náà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló ya èyí?"

"Danu, ọmọ Karta. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Abah."

"Nítorí ìyẹn lo ṣe gbé ìtìjú mi wá síwájú mi láàárọ̀?"

"Tó bá jẹ́ nítorí ìyẹn ni, n bá ti dá a padà sínú agolo. Danu fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí kí n dá a padà. Òfin ṣọ́ọ̀bù yín ni mo tẹ̀ lé. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tó bá tú nǹkan sọ ohun tó rí níbẹ̀."

Abah dìde láìmu kọfí rẹ̀. Ó fi idẹ náà sápò, ó jáde. Wednesday, Thursday, Friday, Sátidé, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò là. Rengganis mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Nígbà tí ilẹ̀ Sunday mọ́, ó wọ aṣọ dáadáa rẹ̀, ó kó ife sí orí tábìlì fún àwọn ará ilé Haji Uyun, ó sì jókòó. Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí pé Abah ò sí nílé.

Abah wà ní Bandung. Ó wọ bàtíìkì tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, fìlà dúdú wà lórí rẹ̀, àpò irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu géètì Lasmi, kò wọlé. Bàbá ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkùnrin, mi ò rí i rí. Nígbà tí Lasmi jáde, Abah gbé ohùn sókè tí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

"Lasmi, níwájú èèyàn ni ọkọ yín ti sọ fún mi pé mo ba ọkọ̀ òun jẹ́, níwájú èèyàn ni mo sì ti bú u. Níwájú èèyàn ni mo fẹ́ sọ èyí. Karta ló jàre. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò mọ̀, àmọ́ èmi ni."

Lasmi di géètì mú. "Ẹ ò wá síbi ìsìnkú rẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá rí ojú rẹ̀, mo máa bi ara mi bóyá òótọ́ ló sọ. Mi ò fẹ́ béèrè." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi kaná."

Inú ìkòkò Lasmi ni wọ́n ti dán idẹ náà wò. Abah fi wáyà rọ̀ ọ́ sínú omi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró tì í, Danu, ìyá rẹ̀, àti ọ̀tá wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú agolo. Bóyá ó ti kú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Idẹ náà ò mira. Danu gbọ́ bí Abah ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn kékeré náà ṣí díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣí tán.

"Ṣé nǹkan kékeré yìí náà ni?" Lasmi bi í.

"Òun ni."

Lasmi jókòó sórí àpótí ìdáná, ó sì sunkún ọkọ rẹ̀. Abah kò sọ pé kó má sunkún. Ó gbé idẹ náà jáde, ó sì lọ sídìí ọkọ̀ pupa, tí Danu ti wà sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìyá Icih, lágbàlá.

Nígbà tó fi í sáyè rẹ̀ tán, Lasmi wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì funfun tó ti fi omi mímu kún, ó wọ ọkọ̀, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá, ẹ lè fi sílẹ̀," Danu ní.

"Wa ọkọ̀ rẹ."

Abah tẹ̀ lé wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní kọ́nà kìíní, ọwọ́ géèjì ti gòkè. Ní kọ́nà kejì, ó tún gòkè, ọwọ́ Danu sì ń yọ̀ lórí sítíà. Lasmi ò wo ọ̀nà, géèjì ló tẹjú mọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu kẹ́ẹ̀gì mú. Níbi tí òkè ti ga jù, ọwọ́ géèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà pupa. Danu fẹ́ dúró.

"Má dúró," ìyá rẹ̀ ní.

Ọwọ́ géèjì dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì jókòó sáàárín. Kọ́nà kẹta kọjá. Ní kọ́nà kẹrin, Ìyá Icih jáde láti ìdí ààrò rẹ̀, ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó sì padà sídìí surabi rẹ̀.

Rengganis gbọ́ ìró ọkọ̀ láti inú yàrá. Ó rò pé Haji Uyun ni. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ dáadáa. Ó mọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Kò tíì gbọ́ ọ lórí òkè náà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Danu ti sọ̀kalẹ̀, ó ń wò ó. Abah bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Mo ti yà nílé Haji Uyun láàárọ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. "Mo dá ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilẹ̀ ti ṣófo fún ọ̀rọ̀ míì." Ó yíjú sí Lasmi. "Ẹ káàbọ̀ sílé wa."

Lasmi wọlé, ó jókòó. Ẹni tó bá wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, ó máa ń sọ̀rọ̀ màlúù. Lasmi ò ní sùúrù ìyẹn mọ́.

"Sukarna, mo fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ síbí, nítorí ọmọ mi. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

"A ti gbọ́ ọ," Abah ní. "Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Gbogbo wọn wo Rengganis.

"Mo gbà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ po tíì."

"Dúró." Lasmi gbé kẹ́ẹ̀gì funfun náà láti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Omi dáadáa ni. Òun ni kó o fi pò ó."

Rengganis kúnlẹ̀, ó gbà á. Ó wúwo. Ó ṣì kún dé ẹnu.